Ariwo Inú Orí Òǹtẹ̀wé

Bí ènìyàn bá fọ́jú, a óò fà á lọ́wọ́ sọdá títì. Bí ó bá yarọ, a óò dìde fún un lórí àga. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó dití, ẹ̀rín ni a óò kọ́kọ́ fi rín. Lẹ́yìn náà, a óò máa pariwo mọ́ ọn bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Nígbà tí ọ̀fun bá sì dùn wá, a óò kúkú máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ara rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe Òǹtẹ̀wé nínú ilé rẹ̀, àwọn tí ń ṣe é kì í sì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù láyé ni.

Ẹ wo àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí. Wọ́n yí tábìlì ká, búrẹ́dì àti ẹyin díndín wà níwájú wọn, Òǹtẹ̀wé fúnra rẹ̀ wà láàárín. Ìyàwó rẹ̀, Aránṣọ, kò jókòó; ó ń fi píìnì há etí síkẹ́ẹ̀tì kan tí oníbàárà yóò wá gbà lọ́sàn-án, ó sì kó píìnì mẹ́rin márùn-ún sáàárín ètè. Ọmọbìnrin wọn tí ń ṣe olùkọ́, tí gbogbo ilé ń pè ní Tíṣà, ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ó lè bá wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n náà ti dé. Ẹ̀gbọ́n Òǹtẹ̀wé ni, òun ni ó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ní kí wọ́n lè ra ẹ̀rọ etí fún àbúrò rẹ̀. Oṣù kan sẹ́yìn ni dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ, tí ó ki wáyà tín-ín-rín kan bọ inú etí ọ̀tún rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ojú ọgbẹ́ ti jiná. Òní ni wọn yóò so èyí tí ń gbé ìta mọ́ ọn, tí wọn yóò sì tan án.

"Ṣé ó ti wẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n bèèrè.

"Ẹ bi í," ni Aránṣọ dáhùn láàárín píìnì.

"Tí mo bá bi í, ṣé yóò gbọ́ ni?"

"Wọ́n ti wẹ̀, sà," ni Tíṣà wí.

"Ẹ̀wù wo ló fẹ́ wọ̀? Kì í ṣe èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ yìí ṣá?"

Aránṣọ yọ píìnì kan kúrò lẹ́nu. "Kí ló ṣe é? Èmi ni mo rán an."

"Kò burú. Mo kàn bèèrè ni. Ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ, kì í ṣe ibi iṣẹ́."

Òǹtẹ̀wé ń wo ẹnu wọn, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ó mọ bí a ti ń ka ọ̀rọ̀ lára ètè díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ètè tí ó kún fún píìnì? Ó na ọwọ́ sí òkìtì ìgékù ìwé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹyin. Láti ilé ìtẹ̀wé ni ó ti ń kó wọn wálé, etí ìwé tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ gé sọ nù, tí fífẹ̀ wọn kò ju ìka méjì lọ. Orí wọn ni ará ilé fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ti ọ̀kan síwájú ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ó tì í padà. *Ẹ jẹun* ni ó kọ.

Bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú fún un nìyẹn. Wọ́n fi odidi ìṣẹ́jú márùn-ún jà lórí ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, *ẹ jẹun* nìkan ni ó dé ọ̀dọ̀ òun alára.

Kò sì jẹun. Ó jẹ òkèlè kan, ó dìde, ó jáde lọ dúró sẹ́yìn ilé. Aránṣọ wo àwo rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ẹni pé oúnjẹ mi ń rùn." Ẹ̀gbọ́n fa àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní oúnjẹ kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣòfò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí ó bá rí adití a máa rò pé ìdákẹ́jẹ́ ni ó ń gbé inú rẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Etí Òǹtẹ̀wé ti kú sí ìró ayé, ṣùgbọ́n inú orí rẹ̀ kò dákẹ́ rí láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ariwo méjì ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan dà bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tí iṣẹ́ pọ̀ fún, gbì-gbì-gbì. Èkejì jẹ́ súfèé tín-ín-rín kan tí kì í mí, tí ó gun ti àkọ́kọ́ lórí. Ó ń bá a jí, ó ń bá a jẹun, ó ń bá a wọ balùwẹ̀. Ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ ní ibi tí a ti ń pa á. Èyí kò ní. Nígbà tí ó bá jókòó sáàárín ènìyàn, tí ó ń fi ojú lé ẹnu mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ni ó máa ń le jù, ìdí nìyẹn tí ó fi ń sá kúrò nídìí oúnjẹ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wọn nígbà kan, tí ń rán ìwé pọ̀, tí ó fi òótọ́ inú sọ fún ọ̀gá pé súfèé kan ń dún létí òun láìdákẹ́. Kí ó tó di ọ̀sán, gbogbo ilé ìtẹ̀wé ti ń pè é ní Onífèrè. Kí oṣù tó parí, wọ́n ní orí rẹ̀ kò pé mọ́, wọ́n ní kí ó máa lọ sinmi nílé. Etí Onífèrè sì ń gbọ́ràn o. Adití tó bá wá ní òun ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ni ayé yóò pè é? Inú ẹni ni orúkọ tí a óò sọ ọmọ ẹni ń gbé. Òǹtẹ̀wé pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Yàrá tí wọ́n mú wọn wọ̀ ní ilé ìwòsàn kò fẹ̀: tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, àga mẹ́rin, àti ògiri tí wọ́n fi fóòmù bò kí ìró ìta má baà wọlé. Obìnrin tí ń bójú tó ẹ̀rọ etí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó fa àga rẹ̀ wá síwájú Òǹtẹ̀wé, ó kọjú sí i, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìpariwo. Ẹ̀gbọ́n bi í pé ṣé ó rò pé ara ọkùnrin yìí yóò gba ẹ̀rọ náà.

"Ẹ bi wọ́n, sà," ni obìnrin náà dáhùn, kò gbé ojú kúrò lára Òǹtẹ̀wé. "Àwọn ló ni orí."

Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Láti ìgbà tí ó ti mọ Ẹ̀gbọ́n, kò tíì rí ẹni tí ó dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Obìnrin náà fi ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ ẹ̀yìn etí rẹ̀. Ó mú èyí tí ó rí roboto bíi bọ́tìnnì kóòtù, ó gbé e súnmọ́ orí, òòfà tí wọ́n ti fi sábẹ́ awọ orí sì gbà á mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. Òǹtẹ̀wé gbọ́ *tí-tí-tí*. Ó gbé ìka sókè bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó tún gbọ́ òmíràn. Lẹ́yìn èyí ni obìnrin náà ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ pátápátá, gbogbo ẹnu tí ń bẹ nínú yàrá sì di eṣinṣin inú ìgò. Kò mọ èwo ni ohùn ìyàwó, kò mọ èwo ni ti ọmọ. Ibi tí ó ti ń gbìyànjú láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ó ti ṣàkíyèsí pé súfèé náà kò sí mọ́.

Ó dúró jẹ́ẹ́. Ó wá a kiri inú orí, bí ẹni tí ehín ti ń dùn tẹ́lẹ̀ ṣe ń fi ahọ́n wá ibi tó ń dùn. Kò rí i. Gbì-gbì-gbì náà ti ń fà sẹ́yìn, ó ń jìnnà, ó ń rá. Nígbà tó yá, òun náà dákẹ́. Ọdún mọ́kànlá. Omi bọ́ lójú Òǹtẹ̀wé, kò sì lè dá a dúró.

"Ó ti ń gbọ́," ni Aránṣọ wí, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n ti yọ fóònù, ó ti bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pe ará ilé, ó ń pe ará ọ̀nà. Nítorí náà, kò gbọ́ nígbà tí obìnrin náà ní ohùn ènìyàn kò ní tíì yé e báyìí, pé ó lè tó oṣù mẹ́ta, ó lè tó mẹ́fà, pé yóò kọ́ ọ̀rọ̀ gbígbọ́ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń kọ́ ọ. Aránṣọ ń nu ojú, kò gbọ́ òun náà. Tíṣà nìkan ni ó gbọ́, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Obìnrin náà kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé, ó gbé e fún Òǹtẹ̀wé: *Ǹjẹ́ nǹkan mìíràn tún yí padà?* Ó mú báírò. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, tí ayọ̀ ti wẹ̀ mọ́. Ẹni tí yóò bá sọ pé ariwo dákẹ́, àfi kí ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ariwo wà. Ó kọ ọ́ pé: *Ó dára.*

Kí wọ́n tó délé, fóònù ti ṣáájú wọn dé. Ìyá Ìsàlẹ̀, tí ń gbé yàrá abẹ́ tiwọn, ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aládùúgbò méjì. Ìyá Ìsàlẹ̀ yìí kan náà ni ó ti fi ọdún púpọ̀ pe Òǹtẹ̀wé ní Òkúta, lẹ́yìn rẹ̀, níwájú rẹ̀, níbi tó bá ti wù ú. Lónìí, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ rọra o. Ó ti ń gbọ́. Ẹni tó bá ti bú u rí, kó yáa tún un ṣe."

"Ìwọ náà kọ́ lò ń pè é ní Òkúta?" ni ọ̀kan bi í.

"Èmi kẹ̀? Òkúta iyebíye ló wà lọ́kàn mi."

Wọ́n tẹ̀ lé wọn gòkè. Aránṣọ gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹran sórí tábìlì, ó bu fún olúkúlùkù, inú rẹ̀ ń dùn débi pé ó bu fún Ìyá Ìsàlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ṣíbí. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ wò ná. Ó yí àga àbúrò rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Òǹtẹ̀wé bojú wẹ̀yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹsẹ̀ wọn ló gbọ́ ìyẹn," ni Tíṣà wí. "Pákó la fi tẹ́ ilẹ̀ yìí. Ó pẹ́ tá a ti ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ pè wọ́n wá jẹun."

Àtẹ́wọ́ náà kú. Ẹ̀gbọ́n tún ara ṣe, ó la ohùn.

"Ta ni mí?"

"Ẹnì kan sọ̀rọ̀," ni Òǹtẹ̀wé wí fún ògiri.

"Mo ní, ta ni mí?"

"Ó tún sọ̀rọ̀."

"Kí ni mo sọ?"

Tíṣà kọ ìbéèrè náà, ó nà án sí i lójú. Òǹtẹ̀wé kà á. "N kò mọ ohun tí ẹ sọ," ó ní. "Bí eṣinṣin ló ń dún."

Ìyá Ìsàlẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. "Eṣinṣin," ó wí, ohùn rẹ̀ ti padà sí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. "Wọ́n mà ti lù yín ní jìbìtì."

Ẹ̀gbọ́n jókòó gbì sórí àga. "Ilẹ̀ tí mo fẹ́ fi kọ́lé fún àwọn ọmọ mi," ó ní. "Mo tà á, mo fi ra eṣinṣin."

"Dókítà ní ó máa tó oṣù mẹ́ta kó tó..."

"Dókítà á ṣáà sọ bẹ́ẹ̀, Tíṣà. Ta ló ń pe ọjà ara rẹ̀ ní ọjà kíkan?"

"Ta ló wá ní kẹ́ ẹ ta ilẹ̀?" Aránṣọ kò mọ ìgbà tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i. "Ìwọ ni. Ìwọ lo wá kúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi. O ní ilé ti sú ọ, o ní ọkọ rẹ kì í jókòó tì ọ́ jẹun, o ní bó o bá ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń fajú ro. Àbí irọ́ ni mo pa?"

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwo tò. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ìyá Ìsàlẹ̀ gbójú sókè àjà bí ẹni pé alángbá wà níbẹ̀.

"Lọ́la, a ó kó o padà fún wọn," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Kí wọ́n dá owó mi padà."

"Èyí tó wà nínú orí wọn ńkọ́?" ni Tíṣà bèèrè.

"Kó wà níbẹ̀. Èyí tó wà níta ni wọ́n ń tà lówó gọbọi."

Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí ó ni etí. Òun ti dá àga rẹ̀ padà sídìí tábìlì. Ó ti jẹ ìrẹsì tirẹ̀ tán, ó ti na ọwọ́ sí ìkòkò, ó ń bu òmíràn. Oúnjẹ ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Kò wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Eṣinṣin wọn ń kùn, ó jẹ́ kí wọ́n máa kùn, ó ń já ẹran.

"Ẹ̀ ń wò ó?" Ẹ̀gbọ́n nàka sí i. "Ilé ń jó, ó ń bu ìrẹsì."

Aránṣọ wò ó lóòótọ́. Kò rántí ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ jẹ àwo oúnjẹ kan tán níwájú rẹ̀ kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ó tó rí ọ̀rọ̀ náà rò dáadáa, Ẹ̀gbọ́n ti na ọwọ́. Ó já bọ́tìnnì náà kúrò ní orí àbúrò rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń já fìlà lórí ọmọdé, ó yọ èyí tí ó wà lẹ́yìn etí, ó sì di méjèèjì sínú áńkáṣíìfù rẹ̀.

Ariwo náà padà dé. Kò rọra wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, gbì-gbì-gbì, súfèé lórí rẹ̀, ó tún wá dà bí ẹni pé ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Òǹtẹ̀wé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ọkùnrin yìí kì í gbé ohùn sókè, nítorí kò mọ bí ohùn òun ṣe ń ga tó. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó ń kọjá ní títì dúró.

"Ẹ dá a padà. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dá a padà. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n fà sẹ́yìn. "Kí ló bẹ̀rẹ̀?"

Òǹtẹ̀wé ti di ojú, kò rí ẹnu ẹnikẹ́ni. Aránṣọ ni ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, tí ó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì títí ó fi la ojú. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ètè rẹ̀ lè hàn: "Kí ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ariwo ni. Orí mi ló wà. Ẹ̀rọ ni, àti súfèé. Ọdún mọ́kànlá, tọ̀sán-tòru, kò dákẹ́ rí. Ìgbà tí obìnrin yẹn tan nǹkan yìí, ó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yín kọ́ ni mò ń wá. Ọ̀rọ̀ yín á yé mi lọ́jọ́ tó bá yé mi. Mo jókòó, mò ń jẹun, ó sì dákẹ́." Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Sọ fún mi, ṣé orí mi ti dàrú ni? Mò ń gbọ́ ohun tí kò sí."

Ìyá Ìsàlẹ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Aránṣọ mi orí. "Orí yín kò dàrú. Èmi rò pé èmi ni. Èmi ni mo rò pé ẹ kò fẹ́ rí mọ́. Ẹ máa ń fajú ro, ẹ máa ń dìde nídìí oúnjẹ mi. Gbogbo àárọ̀ ni mo fi ń bá yín jà."

"N kò rí gbogbo rẹ̀ kà. Tún un sọ."

Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omijé ń kán sí i lẹ́nu bí ó ti ń sọ ọ́. Ó wá bèèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Ta ló bi mí?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbéèrè lásán ni. Tíṣà yíjú sí fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n wo áńkáṣíìfù ọwọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó rìn yí tábìlì ká wá síwájú, níbi tí àbúrò rẹ̀ yóò ti rí ẹnu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àgbàlagbà tí eékún ń dùn.

"Ṣé kí n fi í padà?" ó bèèrè.

Òǹtẹ̀wé kà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀gbọ́n tú áńkáṣíìfù náà. Ó fẹ́ fi í sí etí òsì, Tíṣà darí rẹ̀ sí ọ̀tún. Ó fi bọ́tìnnì sí ibi tí òòfà kò sí, ó ń bọ́. Ó tún un fi, òòfà sì gbà á mú. Gbogbo wọn ń wo ojú Òǹtẹ̀wé. Èjìká rẹ̀ tí ó ti gbé sókè bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, díẹ̀, díẹ̀.

"Ó ń lọ," ó wí.

Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "A kò kó o lọ síbì kankan. Èmi ni kò mọ ohun tí mo rà."

Ara tu gbogbo wọn débi pé wọ́n dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ bí ẹni tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn, tí kò fẹ́ kí àga pàápàá dún. Òǹtẹ̀wé gbé orí sókè. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́ tí súfèé tún ń yọ́ bọ̀ láti òkèèrè.

"Kí lẹ dákẹ́ sí?" ó ní. "Ẹ má dákẹ́. Ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ló ń dákẹ́."

Wọ́n wo ara wọn. Aránṣọ fi ètè rẹ̀ hàn án. "Kí la fẹ́ máa sọ?"

"Ohunkóhun. Ẹ máa jà."

Ẹ̀gbọ́n dìde pẹ̀lú ìrora, ó jókòó, ó fa àwo rẹ̀ mọ́ra, ó tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó wú ikọ́. "Ọbẹ̀ yìí," ó ní, ohùn rẹ̀ kò tíì dúró dáadáa, "iyọ̀ rẹ̀ kò tó."

"Iyọ̀ ọbẹ̀ mi kò tó?" Aránṣọ ṣì ń nu ojú. "Àwo ẹyin méjì lẹ jẹ láàárọ̀ yìí, ẹ kò bèèrè iyọ̀."

"Ìrẹsì náà tilẹ̀ rọ̀ jù," ni Ìyá Ìsàlẹ̀ wí, kí ó má baà gbẹ́yìn.

"Ìwọ, ta ló bu fún ọ?"

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n ní kí ó má fi òun rẹ́rìn-ín, Aránṣọ ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹnu sì ń ṣí, ó ń pa dé. Òǹtẹ̀wé mú ṣíbí rẹ̀ nílẹ̀, ó nù ún. Ọ̀rọ̀ kan kò yé e nínú gbogbo rẹ̀. Ó jẹun títí ó fi yó.